Koríko Oníkókó Méjì

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹrin

Agbóòórùn mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé òtútù ibẹ̀ ò tíì gé imú rẹ bọ́ sílẹ̀? Mo ń béèrè torí imú yẹn la fi mọ̀ ọ́ nínú ilé yìí. Láti kékeré lo ti ń gbóòórùn oúnjẹ kí o tó fi kan ẹnu, bí ọba tó ń bẹ̀rù májèlé. Wọ́n wá ní o ti rí àwọn tó ń sanwó fún ọ níbẹ̀ kí o lè máa gbóòórùn èso fún wọn. Imú náà ò jẹ́ kó o pàdánù.

Ìyá rẹ kí ọ. Ó jókòó tì mí kí n má baà kọ ìsọkúsọ, ṣùgbọ́n ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lọ ká aṣọ wọlé, torí òjò ń bọ̀. Jẹ́ kí n yára kọ ìsọkúsọ mi kó tó dé.

Òjò yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀. O rántí ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ bíríkì tó kógbá sílé? Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa ló gbà á, wọ́n pín in fún wa ní ebè ebè, sitọ́bẹ́rì, èso pupa kékeré tí àwọn òyìnbó fẹ́ràn yẹn, la sì gbìn sí i. Lọ́rì ń wá kó o lọ sí ilé òtútù, bàálù á gbé e láti ibẹ̀ wá bá ẹ̀yin tí ẹ ń fi ṣíbí kékeré jẹun. Èmi àti Oníkẹ̀kẹ́ la jọ wà ní ìlà kan, àmì kan náà ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ àpótí wa. O mọ Oníkẹ̀kẹ́, ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní oríta, tó di ìjókòó kẹ̀kẹ́ mú fún ọ nígbà tí o ń kọ́ ọ, tó sáré tẹ̀lé ọ títí ṣòkòtò rẹ̀ fi ya nídìí. Mo ṣì ń sọ ìtàn ṣòkòtò yẹn fún ẹnikẹ́ni tó bá dúró gbọ́. Àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ò pọ̀ mọ́ báyìí, ebè sitọ́bẹ́rì yìí ló fi ń gbọ́ bùkátà.

Àrùn kan ti wọ inú oko. Èso á kọ́kọ́ rọ̀ níbì kan, bí ibi tí wọ́n fìka tẹ̀, tó bá di ọjọ́ kejì irun tó dà bí eérú á bò ó. Mo ti sọ ọ́ ní Àgbàlagbà, torí pé ó hu ewú kó tó gbọ́n. Bó bá ti fara kan ọ̀kan, gbogbo àwọn tó jókòó tì í á hu ewú bákan náà, á wá dà bíi pé ìpàdé àwọn baba arúgbó ń lọ lọ́wọ́ lórí ebè mi. Ní àárọ̀ kùtùkùtù ni Oníkẹ̀kẹ́ máa ń lọ ṣa tirẹ̀ sínú báàkẹ́ẹ̀tì, bí ẹni ń ṣa iná orí. Èmi ń ju tèmi sáàárín ebè, kí àwọn yòókù lè rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀lẹ.

Sọ oògùn tó lè lé e fún mi. Ó ku ohun kan. Nígbà tí o wà nílé-ìwé, mo máa ń ta koríko kan ní kókó méjì mọ́ ọwọ́ báàgì rẹ, kí o lè dá a mọ̀ láàárín tàwọn ẹgbẹ́ rẹ. Màá fi irú ẹ̀ sínú àpótí mi. Bó bá dé ọ̀dọ̀ yín, kí o mọ̀ pé ti bàbá rẹ ni. Jẹ ẹ́, má sì gbóòórùn rẹ̀ kí o tó jẹ ẹ́.

Èmi ni,
bàbá rẹ tí ẹwà rẹ̀ ò tíì tán.


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Mo kí yín o, mo kí màmá. Ara mi le. Inú ọkọ̀ ni mo ti ka lẹ́tà yín, ẹ̀rín tí mo rín pọ̀ débi pé ẹni tó jókòó tì mí rọra sún síwájú.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò gbóòórùn nǹkan kan. Wọ́n ń mú èso díẹ̀ wá fún mi nínú gbogbo ẹrù tó bá dé, kí wọ́n tó tà á. Màá lọ̀ ọ́, màá fa omi rẹ̀, màá gbé e sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á sì sọ irú oògùn tó kù lára rẹ̀ àti bó ṣe pọ̀ tó. Bó bá ju ìwọ̀n tí òfin fẹ́ lọ, gbogbo ẹrù náà ni wọ́n á dà nù. A kì í bó sitọ́bẹ́rì, Bàbá. Àwọn ọmọdé ń jẹ ẹ́ tààrà látinú ike. Àwọn ihò kéékèèké tó wà lára rẹ̀ ló ń gba oògùn dúró, omi ò sì lè fọ̀ ọ́ tán.

Ní ti Àgbàlagbà yín, ohun tí Oníkẹ̀kẹ́ ń ṣe gan-an ni kí ẹ ṣe. Àwọn tí ẹ ń jù sáàárín ebè ló ń kó ran àwọn yòókù, torí bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́, lẹ́búlẹ́bú tó wà lára irun yẹn á fò lọ bá èyí tí kò ní nǹkan kan. Ẹ kó wọn jáde lóko, kí ẹ rì wọ́n mọ́lẹ̀. Ẹ gé ewé gbígbẹ kúrò kí afẹ́fẹ́ lè ráyè wọlé. Ẹ tẹ́ koríko gbígbẹ sábẹ́ èso kó má baà sùn sórí ilẹ̀ tútù. Ìdí rẹ̀ ni kí ẹ bomi rin, ẹ má da omi lé e lórí. Ẹ má sì ká a nígbà tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀.

Oògùn wà, ṣùgbọ́n ìgbà tó bá ń yọ òdòdó ni wọ́n ń fín in. Bí èso bá ti ń pọ́n, ó ti pẹ́ jù. Wọ́n á kọ iye ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ dúró kí ẹ tó ká a sára ìgò. Bí wọ́n bá kọ ọjọ́ méje, ọjọ́ méje ni.

Ẹ dákun, ẹ má fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ má sì fi koríko kankan sínú àpótí. Wọ́n ní òfin níbí nípa òṣìṣẹ́ tó bá ní ẹbí lára àwọn tó gbin nǹkan.

Èmi ni,
ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù karùn-ún

Agbóòórùn mi,

O kú iṣẹ́, o kú òtútù. Lẹ́tà rẹ dé lánàá, ọgbọ́n sì kún inú rẹ̀ bámúbámú. Ohun kan ṣoṣo ló burú nínú rẹ̀: lọ́rì ti lọ.

Jẹ́ kí n ròyìn fún ọ. Òjò rọ̀ tọ̀sántòru. Bó ṣe ku ọ̀la kí lọ́rì dé, Alága ẹgbẹ́ wá wo ebè wa, ó sì ní àpótí tí wọ́n bá ti rí irun eérú nínú rẹ̀, yóò padà sílé olúwa rẹ̀. Mo wo ebè mi. Àgbàlagbà jókòó sáàárín rẹ̀, ó na ẹsẹ̀. Oníkẹ̀kẹ́ ò sí nílé, ó lọ ra táyà. Ẹ̀rọ ìfín-oògùn rẹ̀ wà lórí ìṣó lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Mo gbé e bí mo ṣe máa ń gbé e. Mo wọn oògùn bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ìgò, mo tún wá fi ìdérí kan kún un pé kí Àgbàlagbà má lọ lọ́wọ́ òfo. Nígbà tó mọ́, mo ká a. Èso náà pọ́n, ó ń dán, o lè fi wo ojú.

Ọjọ́ méje tí o kọ yẹn pa mí lẹ́rìn-ín. Awakọ̀ lọ́rì yìí kì í dúró kí èèyàn yọ ẹsẹ̀ tó há sẹ́nu ọ̀nà.

Àwọn ẹgbẹ́ ò fẹ́ kí oògùn máa rùn lásìkò ìkórè, nítorí náà mo fọ ẹ̀rọ náà, mo fi aṣọ nù ún, mo sì gbé e padà kọ́ kí Oníkẹ̀kẹ́ tó dé. Ibi tí mo ti ń fọ̀ ọ́ ni ìyá rẹ ti bá mi. Ó dúró, ó wò mí títí, ó wá béèrè bóyá ara mi yá.

Koríko wà nínú àpótí, lábẹ́ èso. Ìwọ ni mo fín in fún, bí o bá fẹ́ mọ̀. Mi ò fẹ́ kí o ṣí àpótí bàbá rẹ kí o bá irùngbọ̀n ẹlòmíràn nínú rẹ̀. Ṣé o ti jẹ ẹ́? Ṣé ó dùn?

Èmi ni,
bàbá rẹ, oníṣègùn sitọ́bẹ́rì.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹfà

Agbóòórùn,

Ṣé kò sí? Mo kọ̀wé, o ò fèsì. Ìyá rẹ ní ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ pọ̀. Mo ní ó ṣeé ṣe kí o ti fẹ́ ọkọ ẹlẹ́nu mímú tó ní kí o má máa kọ̀wé sílé mọ́. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí i fún mi.

Nǹkan ti bàjẹ́ níbí. Ìròyìn dé láti ọ̀dọ̀ yín pé wọ́n ti da ẹrù wa nù. Wọ́n ní oògùn pọ̀ lára rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, àmì tó sì wà lára àpótí náà ni ti ìlà wa. Wọ́n ti dá lọ́rì dúró fún gbogbo ẹgbẹ́ títí ọ̀rọ̀ á fi yanjú. Sitọ́bẹ́rì ń jẹrà lórí ebè, kò sẹ́ni tó ń ká a. Àgbàlagbà ti jogún gbogbo wa.

Wọ́n pe ìpàdé. Èmi àti Oníkẹ̀kẹ́ nìkan la wà ní ìlà wa, Alága sì béèrè ta ló fín oògùn lásìkò ìkórè. Gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Ara mi kì í gba irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀, o mọ̀ mí. Mo dìde, mo ní, “Bóyá Oníkẹ̀kẹ́ rò pé èso náà jò ni, ó wá fẹ́ lẹ̀ ẹ́.” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àwọn kan fi di ìhà mú. Nígbà tí ẹ̀rín tán, Oníkẹ̀kẹ́ ni gbogbo ojú ń wò. Ẹnì kan rántí pé òun nìkan ló ní ẹ̀rọ. Ó ní òun ò fín nǹkan kan. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ti yọ ọ́ kúrò lẹ́gbẹ́, wọ́n á sì gba ebè rẹ̀.

Mo fẹ́ kí o bá mi wá ẹni tó yẹ èso wa wò níbẹ̀ yẹn. Kí imú rẹ̀ máa ṣàn títí òjò tó ń bọ̀. Bẹ̀ ẹ́ fún mi kó sọ pé ẹ̀rọ rẹ̀ ló ṣìṣe. Kí ló kàn án? Ọ̀rọ̀ kékeré ni.

Èmi ni,
bàbá rẹ tí o ti gbàgbé.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹfà

Bàbá mi,

Mo kí yín. Mo kí màmá.

Ẹ ò ní wá ẹni náà jìnnà. Èmi ni.

Èso yín ti dé kí lẹ́tà tí ẹ fi sọ pé ẹ fín in tó dé. Wọ́n gbé àpótí náà sórí tábìlì mi láàárọ̀, mo gbé èso ìpele àkọ́kọ́ kúrò, mo sì rí koríko. Bí mo ṣe rí i, ó yẹ kí n na ọwọ́ sókè, kí n sọ fún ọ̀gá pé ti ẹbí mi ni, kí wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn. Òfin níyẹn. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fi koríko náà sápò ẹ̀wù mi. Mo fẹ́ jẹ́ ẹni tó máa sọ pé èso bàbá òun mọ́. Mo jẹ ọ̀kan pàápàá, Bàbá. Ó dùn.

Mo lọ ìyókù. Ohun tí ẹ̀rọ sọ ò yé mi. Mo tún un ṣe, ohun kan náà ló sọ. Mo tún un ṣe. Mo lè da omi náà nù, kí n kọ ohun tó wù mí. Mo rò ó. Ṣùgbọ́n ẹnu àwọn ọmọ ọlọ́mọ ló ń lọ, mo sì fọwọ́ síwèé.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà tí mi ò lè parí. Mo rò pé ẹ ti sọ fún wọn. Mi ò mọ̀ pé Oníkẹ̀kẹ́ lẹ jù síwájú wọn.

Àmì ìlà yín nìkan ni wọ́n mọ̀ níbí. Èmi àti ẹ̀yin nìkan la mọ̀ pé èso yín ni. Ẹ lọ sọ fún wọn, Bàbá. Ẹ má fi ẹ̀rín sí i.

Èmi ni,
ọmọ yín.


Ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù keje

Ìwọ ọmọ yìí,

Mo ka lẹ́tà rẹ sétí ìyá rẹ, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wò ó bí o ṣe dáa tó. Èjìká mi ni mo fi gbé ọ lọ wo ọkọ̀ ojú irin nígbà tí o ń bẹ̀rù pé á gbé ọ mì. Èmi ni mo kọ́ ọ ní a, b, d títí ibi tí mo mọ̀ ọ́n dé, kò sì jìnnà. Lónìí bàbá rẹ dé orí tábìlì rẹ, o sì lọ̀ ọ́.

O ní o fi koríko sápò. Kí ló dé tí o ò fi gbogbo ọ̀rọ̀ náà sápò pẹ̀lú rẹ̀? Wọ́n ní o kàwé. Ṣé wọn ò kọ́ yín bí ẹ̀rọ ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ èèyàn níbẹ̀?

Oníkẹ̀kẹ́ ṣì lágbára, á rí nǹkan mìíràn ṣe. Èmi ńkọ́? Bí mo bá jókòó ní oríta, àwọn èèyàn ń ti òdìkejì títì wá bá mi torí kí n lè pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ohun tí mo ní nìyẹn. Bí mo bá dìde sọ ohun tí o ní kí n sọ, ta ló tún máa kọjá wá síbi tí mo wà? Wọ́n á máa fa ọmọ wọn mọ́ra.

Mi ò lọ síbì kankan. Bó bá sì dùn ọ́, gbóòórùn rẹ̀.

Bàbá rẹ, bí o bá ṣì ní ọ̀kan.


Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù keje

Bàbá mi,

Mo kí yín. Lẹ́tà yìí ò ní gùn.

Bí èyí tí ẹ máa kọ tẹ̀lé e ò bá sọ pé ẹ ti lọ, màá kọ̀wé sí Akọ̀wé ẹgbẹ́ fúnra mi. Àwọn náà á kọ̀wé sí ibi iṣẹ́ mi láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni, wọ́n á béèrè bí mo ṣe mọ̀, màá sì ní láti fi koríko hàn wọ́n. Wọ́n á gba ẹ̀wù iṣẹ́ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà. Torí iṣẹ́ yìí ni wọ́n ṣe fún mi ní ìwé tí mo fi ń gbé ìlú yìí. Ẹ mọ bí ó ṣe máa parí.

Mi ò fi halẹ̀. Ọkùnrin yẹn sáré tẹ̀lé mi títí ìgboro fi tán, kò jẹ́ kí n ṣubú, ẹ̀yin sì ti ń fi ṣòkòtò rẹ̀ rẹ́rìn-ín láti ìgbà náà.

Èmi ni,
ọmọ yín. Mo ṣì ní bàbá.


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹjọ

Ọmọ mi,

Ṣé o wà dáadáa? Ìyá rẹ kí ọ. Òun ló jókòó tì mí, kò sì dìde lọ síbì kankan.

Mo lọ. Ní ilé ìkẹ́rùsí bíríkì ni wọ́n ti ṣe ìpàdé, gbogbo ẹgbẹ́ ló pé àyàfi Oníkẹ̀kẹ́. Mo dìde, mo ní, “Èmi ni mo fín oògùn yẹn.” Kí n tó mí, ẹ̀rín ti gba ilé. Alága fi ọwọ́ nu omijé, ó ní bàbá yìí á pa òun lọ́jọ́ kan. Mo ní kì í ṣe àwàdà. Ìyẹn ló wá pa wọ́n. Mo ṣàlàyé bí mo ṣe gbé ẹ̀rọ lórí ìṣó, bí mo ṣe fi ìdérí kan kún oògùn kí Àgbàlagbà má lọ lọ́wọ́ òfo, ẹnì kan sì bọ́ sílẹ̀ lórí àga. Mo bẹ̀rẹ̀ sí bínú. Bí mo ṣe ń bínú ni wọ́n ń na ìka sí mi. Nígbà tó rẹ̀ wọ́n, Alága ní wọ́n ti rí i pé ọkàn rere ni mo ní, pé mo fẹ́ ru ẹrù ọ̀rẹ́ mi. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, ọmọ mi. Mo dúró, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ebè Oníkẹ̀kẹ́ fún ẹlòmíràn.

Mo kọjá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ń to wáyà sára ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Mo sọ fún un pé èmi ni. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Mo ti mọ̀, Bàbá. Ọjọ́ tí mo ti ibi táyà dé ni mo ti mọ̀. Mo bá ẹ̀rọ mi, ó mọ́ tónítóní. Ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń yá a, ẹ ò fọ̀ ọ́ rí.”

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ ọ́ níwájú wọn. Ó ní òun ń retí mi ni. Ó ní nígbà tí mo dìde lọ́jọ́ ìpàdé àkọ́kọ́ yẹn, ọkàn òun balẹ̀, òun rò pé mo fẹ́ sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ jíjò àti lílẹ̀ ni mo sọ.

Mo sọ ti lẹ́tà rẹ fún un, pé o fẹ́ kọ̀wé, àti ohun tí wọ́n á ṣe fún ọ níbẹ̀. Ó dá ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà dúró. Ó ní, “Ẹ sọ fún un kó má kọ nǹkan kan. Mi ò sáré tẹ̀lé e nígbà yẹn torí kó lè wá ṣubú báyìí.” Lẹ́yìn ìyẹn ló ní ní ti èmi àti òun, kí n má kí òun mọ́.

Nítorí náà má kọ ọ́. Mo mọ̀ pé o ò lè mọ ìgbà tí mi ò bá ṣàwàdà, ìdí nìyí tí ìyá rẹ fi máa fọwọ́ sí lẹ́tà yìí lẹ́yìn mi. Sun koríko náà níná.

Oríta ni mo ṣì ń gbà, torí kò sọ́nà mìíràn. Ó mọ ìró ẹsẹ̀ mi, kì í gbójú sókè. Ẹnu mi á ti là láti kí i, màá pa á dé. Àwọn tó ń jókòó níbẹ̀ pè mí lánàá pé kí n wá sọ ìtàn ṣòkòtò tó ya, ó sì wà nítòsí, ó ń gbọ́. Mo ní mo ti gbàgbé rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí ìyẹn náà.

Bàbá rẹ.

Òótọ́ ni gbogbo ohun tó kọ. Ìyá rẹ.